Ẹrù Ìyàwó Tí Efúnwùmí Kó Wọ Ìgbójà

Ọjọ́ kọkànlá rèé tí oúnjẹ kò wọ ìlú Ìgbójà. Arógunyọ̀, ẹkùn orí omi, ẹni tí bàbá rẹ̀ sọ lórúkọ tí kò sì jẹ́ kí orúkọ náà ṣòfò, ti fi ogójì ọkọ̀ ogun dí ẹnu ọ̀sà. Àwọn ará ìlú ti jẹ ẹja gbígbẹ tán, wọ́n ti jẹ àgbàdo tí wọ́n fẹ́ gbìn, wọ́n sì ti ń wo àkùkọ Baálẹ̀ ní ìwòkuwò.

Kì í ṣe pé Ìgbójà kò ní olùrànlọ́wọ́. Aláró, ọba Ẹ̀bútẹ́-Àró, àti Ọlọ́sà, ọba Òkè-Ọ̀sà, ti bá wọn mulẹ̀ pé ogun ẹnì kan, ogun gbogbo wa. Ìmùlẹ̀ náà dùn létí. Ṣùgbọ́n Aláró ní igba àgbá ẹ̀tù àti ọkọ̀ mẹ́rin. Ọlọ́sà ní ọgọ́ta ọkọ̀ àti ìbọn tí kò ní ẹ̀tù. Ọmọdé ìbá parí rẹ̀, bí kì í bá ṣe ti èèwọ̀: lórí ọ̀sà yìí, ẹrù ọba kan kò gbọdọ̀ wà lábẹ́ ẹrù ọba kejì. Nítorí náà ni ọgọ́ta ọkọ̀ fi wà ní èbúté, tí wọ́n ń gba omi òjò. Àwọn ọba méjèèjì tún ń rán ìránṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ lọ ra ọta ìbọn lọ́wọ́ oníṣòwò kan náà. Bí ti ibí bá dá iye kan, ti ọ̀hún á fi lé e. Oníṣòwò náà á sì máa gbàdúrà ẹ̀mí gígùn fún àwọn méjèèjì.

Ọjọ́ kẹta rèé tí àwọn ọba ti ń ṣe àpérò lórí ọkọ̀ ẹni tí yóò ṣíwájú, nígbà tí Efúnwùmí wọlé. Ọlọ́kọ̀ ni, ará Àró, obìnrin tí ń fi àjẹ̀ bá ìjì wí. Ó kúnlẹ̀.

“Kábíyèsí, Rẹ̀mílẹ́kún ọmọ mi wà ní Ìgbójà pẹ̀lú oyún oṣù mẹ́jọ. A sin ín lọ ilé ọkọ, ogun kò jẹ́ kí ẹrù ẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo fẹ́ kó ẹrù ìyàwó.”

Ọlọ́sà wò ó. “Nínú ogun yìí, ìyá? Ìkòkò wo ló ń kánjú tó bẹ́ẹ̀?”

“Ẹ̀tù ni, Kábíyèsí. Igba àgbá. Ìbọn yín náà wà níbẹ̀.”

“Ẹ̀tù tèmi?” Aláró fò dìde.

“Ẹ fi ta ọmọ yín lọ́rẹ ni. Ẹrù ìyàwó kì í ṣe tọba kankan. Kò sọ́kọ̀ tí kì í wọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ohun tó wà lábẹ́ ẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí èmi nìkan lọ ná ọta náà. Ìyá ìyàwó kì í fi kún owó.”

Ọlọ́sà wúkọ́. “Kí ló wá kù tí a ó máa jà lé lórí?”

“Arógunyọ̀ ni, Kábíyèsí.”

Efúnwùmí ra ọta náà lọ́jọ́ náà; kí oòrùn ọjọ́ kejì tó gun orí igi, ọgọ́ta ọkọ̀ ti kún. Ẹrù Àró wà lábẹ́, ti Òkè-Ọ̀sà wà lókè, ẹní ìyàwó bo gbogbo rẹ̀, àwọn atukọ̀ sì gbé orin ìyàwó sẹ́nu. Efúnwùmí dúró síwájú. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀sà, Arógunyọ̀ bú sẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wo lẹrù ẹ̀ pọ̀ tó báyìí?”

“Sún mọ́bí, wá wo ojú ẹ̀!”

Ó sún mọ́ ọn. Àwọn atukọ̀ ká ẹní kúrò, ìbọn sì dún lẹ́ẹ̀kan náà láti inú ọgọ́ta ọkọ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹyẹ ọ̀sà fi ìtẹ́ sílẹ̀! Ọkọ̀ tí ẹ̀tù rẹ̀ tán, ẹni ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ á ju àgbá kan sí i, kò sì bi í pé ọmọ ìlú wo ni. Ogójì ọkọ̀ Arógunyọ̀ di ogún, ogún di igi ìdáná. Òun fúnra rẹ̀ bọ́ sómi. Wọ́n ní ó mọ̀wẹ̀ dáadáa.

Rẹ̀mílẹ́kún dúró ní èbúté, ọwọ́ rẹ̀ wà lórí ikùn, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. “Ìyá mi, ẹ̀tù lẹ kó fún mi? Odó ńkọ́?”

“Jẹ́ kí ọkọ ẹ gbẹ́ ẹ.”

Láti ọjọ́ náà, ìyàwó tí àgbá ẹ̀tù kan kò bá sí nínú ẹrù rẹ̀ kò tíì dé Ìgbójà. Àró ní í mú un wá, Òkè-Ọ̀sà ní í tu ọkọ̀ rẹ̀, ìyá ìyàwó ní í ṣáná sí i. Bí ó bá sì ti fẹ́ dún, àwọn ọba méjèèjì á jọ di etí wọn.