Igi Ọwọ́ Àwẹ̀ró

"Kí a tó gba igi lọ́wọ́ àgbà, kí a wo ohun tó ń ṣọ́." Ẹnu gbogbo wa ni òwe yìí wà. Ṣùgbọ́n igi wo ni? Kí sì ni àgbà náà ń ṣọ́?

Àwẹ̀ró ni àgbà náà, amọ̀kòkò pàtàkì nígbà ayé rẹ̀. Nígbà tó darúgbó, iyè rẹ̀ ra. Ó gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń wa amọ̀. Ó gbàgbé orúkọ Dúródọlá, ọmọbìnrin rẹ̀ tó ń tọ́jú rẹ̀. Igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu ara ìkòkò nìkan ni kò gbàgbé. Ó ń gbé e sùn bí ọmọ ọwọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ni wàhálà máa ń dé. Bí Dúródọlá bá ti ń ru omi ìwẹ̀ la àgbàlá kọjá, ìyá á fò dìde lórí àpótí, á sì fi igi náà lù ú.

"Ìyá mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

Lọ́jọ́ kan, igi náà la ìpéǹpéjú ọmọ, ẹ̀jẹ̀ bò ó lójú. Akínwándé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti oko dé, ó rí i, ó gbaná jẹ.

"Ó tó gẹ́ẹ́! Lọ́la ni n ó gba igi yẹn, n ó sì ti ìyá mọ́ yàrá."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ìyá wa kì í ṣe ewúrẹ́."

"Ewúrẹ́ kì í lu èèyàn nígi."

Dúródọlá mọ̀ pé bí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn yẹn, òkú ni wọn yóò gbé jáde. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ó sọ omi kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ jókòó nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpótí ìyá rẹ̀, ó sì kọjú síbi tí ìyá kọjú sí. Oòrùn ti rẹlẹ̀. Ìgbà náà ló rí ohun tó ti ń gbá lójoojúmọ́ láti kékeré: ojú àpá ìdí ìkòkò, róbótó róbótó, tó ti jinlẹ̀ sínú ilẹ̀ káàkiri àgbàlá. Ibẹ̀ ni ìyá ti ń sá ìkòkò tútù, èyí tí a kò tíì sun, láyé ọjọ́un. Ẹnikẹ́ni kì í sì gbé omi kọjá láàárín ìkòkò tútù; bí omi bá ta sí i, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ìyá fúnra rẹ̀ ló fi ẹgba kọ́ ọ.

Dúródọlá dìde, ó gbé omi, ó sún mọ́ ògiri, ó rọra gba ẹ̀bá yí àgbàlá ká. Kò tẹ ojú ìkòkò kankan. Àwẹ̀ró ń wò ó. Igi sọ̀ kalẹ̀ sórí itan rẹ̀.

"Ọmọ dáadáa ni ọ́," ó ní. "Ta ni ìyá rẹ? Ó kọ́ ọ."

Dúródọlá bu omi sí i lẹ́yìn. Akínwándé dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú okùn tó fẹ́ fi so ilẹ̀kùn lọ́wọ́, ó ń wo àwọn ojú ìkòkò nílẹ̀.

Iyè Àwẹ̀ró kò padà títí ó fi kú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí arúgbó tí ọkàn rẹ̀ ti ṣáko bá ń lu ará ilé tàbí tó ń ṣépè, tí àwọn ọmọ sì fẹ́ fi agbára mú un, àwọn àgbà á ní: "Kí a tó gba igi lọ́wọ́ àgbà, kí a wo ohun tó ń ṣọ́." Nǹkan náà lè má sí mọ́, ojú àpá rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.