Ilé Tí Ẹ̀gà Hun fún Àdàbà

Àlọ́ o!
Àlọ̀!

Ẹ̀yin aláriwo wọ̀nyí, àlọ́ mi fò fẹẹrẹ, ó bà lé bàbá yín, Ẹ̀gà, tó ń hun ilé fún gbogbo ẹyẹ.

Ogun Àṣá dé. Ọba Ọ̀kín, tí ìrù rẹ̀ gùn ju ọgbọ́n rẹ̀ lọ, ránṣẹ́: “Ẹ̀gà, fi ilé sílẹ̀, máa hun àwọ̀n!” Ẹ̀gà hun ti orí igi, ó hun ti etí odò, ó hun ti ẹnu ọ̀nà ààfin. Kò jókòó. Ẹ gbe orin rẹ̀:

Ẹnu mi, yára o!
Jàn-ìn-jàn!
Ẹni bá wọlé, kó má jáde!
Jàn-ìn-jàn!

Àwọ̀n kẹta ló mú Àṣá. Ogun parí, Àdàbà sáré dé.

“Bàbá Ẹ̀gà, ẹ jọ̀ọ́, ilé tèmi dà? Ẹyin ò ní dúró dè mí o!”

“Fara balẹ̀, ọmọ mi. Iṣẹ́ tí mo ń ṣe láti kékeré, ṣé mo lè gbàgbé rẹ̀ ni?”

Ló bá ń hun ún, orin ogun sì wà lẹ́nu rẹ̀. Bí Àdàbà ṣe wọlé, koríko fún un mọ́ra pinpin.

“Ẹ gbà mí o! Ṣé èmi náà ti di Àṣá ni?”

Ìtìjú mú Ẹ̀gà, ó já koríko. Àdàbà bọ́ síta, ó to igi wẹ́wẹ́ mélòó kan jọ, ó yé ẹyin rẹ̀ lé e. Títí dòní, kò gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹ̀gà náà ò sì sinmi: á hun ilé, á yẹ ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wò, á tú u ká, á tún máa pariwo.

Bí mo bá purọ́, ẹ lọ wo orí ọ̀pẹ lọ́la.