Ẹrù Tí Òkété Kò Tú

Ààlọ́ mi rèé o!
—Kó máa bọ̀, a ti tẹ́tí!

Ó dá lórí Òkété àti ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́. Ẹ má sùn o, Òkété alára kò rí oorun sùn!

Ihò Ọ̀ọ̀nì létí odò ni Òkété yá gbé. Ògiri ń sun omi, ọmọ ń wúkọ́. Bí Òkété ṣe ní, “Bàbá onílé, ẹ bá wa tún un ṣe,” bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀ọ̀nì dé lówùúrọ̀:

Òkété, di ẹrù rẹ!
—Dì í, dì í!

Ó kó lọ sí ihò mìíràn. Ti Ọ̀ọ̀nì náà ni, ó sì tutù ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ó tún sọ̀rọ̀, wọ́n tún lé e. Láti ìgbà náà, kò tú ẹrù mọ́. Orí ẹrù ló ń sùn sí. Bí ewé bá já, á ta gìrì.

Nígbà tó yá, Òòrẹ̀ kó gbogbo àwọn tí Ọ̀ọ̀nì lé jáde jọ. Wọ́n fi ọ̀wẹ̀ kọ́ ilé sórí òkè gbígbẹ, gbogbo wọn ló ni ín. Ikọ́ ọmọ rọlẹ̀. Ìyá ńkọ́? Orí ẹrù náà ló ṣì ń sùn sí!

Òjò rọ̀ mọ́jú ọjọ́ kan. Lówùúrọ̀, ẹsẹ̀ ń dún bọ̀ gìrìgìrì. Òkété gbé ẹrù, ó fa ọmọ lọ́wọ́, ó já síta.

Òòrẹ̀ ló rí, pẹ̀lú àwọn ará ilé, amọ̀ lọ́wọ́ wọn.

“Òkété, ibo lò ń gbẹ́rù lọ? Òjò ló bó ògiri rẹ, a wá bá ọ rẹ́ ẹ ni.”

Ẹkún gbọ̀n ọ́n. Òòrẹ̀ dárin:

Òkété, tú ẹrù rẹ!
—Tú u, tú u!

Ó tú u. Lọ́sàn-án gangan, Òkété sùn fọnfọn. Ọmọ tó ń wúkọ́ níjọ́sí ló ń bá a lé eṣinṣin.

Ẹ rọra dìde o, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ má jí i.