Láṣebíkan àti Ẹnu Ọ̀nà Keje ní Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìrámọ̀

Ènìyàn mẹ́sàn-án ni kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìrámọ̀ ti pa kí ó tó ní òrùlé. Láyé Ọba Édúwọ́ọ̀dù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ìjọba ní kí wọ́n kọ́ ọ sórí òkè wa: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì oníbíríkì pupa, tí fèrèsé rẹ̀ ga ju ènìyàn méjì lọ, tí ẹnu ọ̀nà méje wà níwájú rẹ̀, orí wọn tẹ̀ bí òṣùmàrè. Ẹni tó bá rí i lónìí á yìn ín. Ẹwà rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ túláàsì ló gbé e dúró. Ẹni tó bá sá, ìyá rẹ̀ ni wọ́n ń tì mọ́lé.

Kíákíá ni orúkọ tí ará ìlú sọ òyìnbó tó ń darí iṣẹ́ náà, nítorí ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo tó gbọ́ nìyẹn. Gómìnà ń bọ̀ wá ṣí ilé náà, nítorí náà kì í dúró kí sìmẹ́ntì mú kí ó tó ní kí wọ́n yọ igi tí wọ́n fi gbé orí ẹnu ọ̀nà ró. Ẹ̀ẹ̀mejì ló wó pa ènìyàn. Ní ẹ̀ẹ̀kejì, ó ní kí wọ́n wọ́ òkú sẹ́gbẹ̀ẹ́, kí wọ́n fọ ẹ̀jẹ̀ ara bíríkì, kí wọ́n tún fi mọlé. Wọ́n fọ̀ ọ́. Wọ́n sì fi mọlé.

Olórí bíríkìlà ibẹ̀ ni Láṣebíkan, ẹni tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ àwọn Àgùdà tó ti Bùràsíìlì dé sí Èkó. Láṣebíkan òpó gbọọrọ tí ìjì ń kí kó tó kọjá. Wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà keje tán, èyí tí ilé aago yóò jókòó lé. Ní ọjọ́ kẹrin, Kíákíá ní kí ọkùnrin méjìlá wọ abẹ́ rẹ̀ lọ yọ igi.

Láṣebíkan tẹ ìka mọ́ sìmẹ́ntì. Ìka náà wọlé. Ó ní, "Ẹ sọ fún un pé ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́rin."

Dáwódù ògbufọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ìwọ lo máa kọ́ ọ̀gá níṣẹ́ ni? Ó ní kíákíá."

"Bó bá dá a lójú, kó wá dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó pàṣẹ ni kó kọ́kọ́ wọlé."

Nígbà tí Dáwódù túmọ̀ rẹ̀, òyìnbó náà wo òkè, ó sì sún sẹ́yìn. Gbogbo ènìyàn rí i. Ojú tì í, ó sì ní kí àwọn olópàá fi ìdí ìbọn ti àwọn méjìlá náà wọlé. Ọ̀jẹ̀lábí, tí ó ṣáájú wọn, bẹ̀rẹ̀ sí í ké pe ìyá rẹ̀.

"Ẹ jáde!" ni Láṣebíkan wí. "Ọwọ́ mi ló mọ ọ́n, ọwọ́ mi ni yóò yọ igi rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́: títí ẹni tó pàṣẹ yóò fi dúró lábẹ́ ohun tó pàṣẹ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má gbé bíríkì kan mọ́."

Àwọn méjìlá náà jáde, òun nìkan sì wọlé. Nígbà tó yọ igi karùn-ún, ẹnu ọ̀nà náà wó lé e lórí. Kò kú lójú ẹsẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan yọ síta láàárín bíríkì, ó ń mì títí di ìrọ̀lẹ́, àwọn olópàá kò sì jẹ́ kí Abọ́sẹ̀dé ìyàwó rẹ̀ sún mọ́ ọn. Kíákíá jókòó sábẹ́ igi kan ní ọ̀ọ́kán, ó ń jẹun.

Lọ́jọ́ kejì ó ní kí wọ́n palẹ̀ mọ́. Gbogbo òṣìṣẹ́ jókòó sílẹ̀. Àwọn olópàá nà wọ́n títí ẹgba fi já. Wọ́n dáná sun àká iṣu wọn. Ọkùnrin méjì kú sí àtìmọ́lé. Kò sẹ́ni tó gbé bíríkì kan. Ní ọjọ́ kọkànlá, òórùn òkú náà ti dé orí tábìlì Kíákíá, ó sì gbà láti dúró sábẹ́ ẹnu ọ̀nà náà.

Wọ́n sin Láṣebíkan sí ibi tí bíríkì ti pa á. Wọ́n mọ ẹnu ọ̀nà náà lákọ̀tun, wọ́n sì dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin gbáko. Lẹ́yìn náà ni Kíákíá dúró sábẹ́ rẹ̀, ṣòkòtò rẹ̀ tutù, Ọ̀jẹ̀lábí sì ń yọ igi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Dáwódù," ni Ọ̀jẹ̀lábí wí, "bá mi sọ fún ọ̀gá pé kò ní yá o."

Orúkọ Kíákíá ni wọ́n kọ sára òkúta ògiri náà. Ti Láṣebíkan kò sí níbẹ̀, ìwà ìrẹ́jẹ gbáà sì nìyẹn. Ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ wà. Lọ́dún tó kọjá, ẹnjiníà kan dé láti ìlú ńlá, bàtà rẹ̀ ń dán, ó ní kí àwọn bíríkìlà wa yọ igi abẹ́ òrùlé kọnkéré ilé ìwòsàn tuntun, sìmẹ́ntì rẹ̀ kò sì tíì mú. Wọ́n gbé àga kan wá, wọ́n gbé e sí abẹ́ òrùlé náà gan-an, wọ́n sì ní, "Ọ̀gá, ẹ wá jókòó."

Ẹnjiníà náà ní òun yóò padà wá ní oṣù tó ń bọ̀.