Wáyà Kan, Ìyáálé Kan

Bí ẹ bá dé Agboolé Onígbìndé ní Ìsẹ́yìn, tí ẹ bá wọn níbi tí wọ́n ti ń yan alága ẹgbẹ́ tàbí ẹni tí yóò máa tọ́jú kọ́kọ́rọ́, kò ní í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi sọ pé: "A kì í fi ọjọ́ orí yan oníbodè, ẹni tí kì í sùn là ń fi síbẹ̀." Àlejò á yanu. Báwo ló ṣe jẹ́? Ṣebí ọmọ Yorùbá ni wá, àgbà là ń fi ṣáájú. Bodè wo ló sì kù lóde òní tí wọ́n ń yan oníbodè sí? Ẹ fara balẹ̀. Kò sí bodè kankan níbẹ̀. Wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì ló bí òwe náà, obìnrin ilé méjì ló sì tọ́ ọ dàgbà.

Fadérera ni ìyáálé, aya àkọ́bí ọmọ Bàbá Onígbìndé. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni. Kọ̀ǹpútà alágbèéká oní-Wíńdòsì ló fi ń kọ́ àwọn ọmọ Yorùbá òkè òkun ní èdè baba wọn. Ìyùnadé ni aya àbúrò ọkọ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan tó tóbi bí àpótí aṣọ ni tirẹ̀, ètò Línọ́ọ̀sì ló sì ń darí rẹ̀, kì í ṣe Wíńdòsì. Gbogbo ilé ń fi ẹ̀rọ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n bátìrì tí oòrùn ń bọ́ lórí òrùlé kì í jẹ́ kó kú, tọ̀sán tòru ló ń ṣiṣẹ́.

Nígbà tí wọ́n fa íńtánẹ́ẹ̀tì wọlé, wáyà kan ṣoṣo ló wá, ara kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ló sì lè wọ̀. Èkejì yóò máa gba tirẹ̀ láti ara ti àkọ́kọ́. Ẹni tó wá fà á béèrè pé, "Èwo ni kí n so ó mọ́?"

Ìyùnadé kúnlẹ̀ níwájú baba ọkọ wọn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́ sà, tèmi kì í kú. Bóyá kí wọ́n so ó mọ́ tèmi, kí ti ìyáálé mi máa gbà á níbẹ̀."

Ojú Bàbá le. "Kí ìyáálé rẹ máa wá gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ? Ta ló kọ́kọ́ wọ ilé yìí?"

Ọ̀rọ̀ parí. Wọ́n so ó mọ́ ti Fadérera, wọ́n sì dá ihò sára ògiri fún okùn Ìyùnadé.

Ká sọ òtítọ́, ó dùn mọ́ Fadérera. Ìwà kan wà lára rẹ̀, kì í fi nǹkan sílẹ̀ láìdé. Bó bá ti fẹ́ dìde, yóò pa kọ̀ǹpútà rẹ̀ dé bí ìgbà tí èèyàn ń dé ìkòkò ọbẹ̀, ẹ̀rọ náà á sì sùn lọ. Lójú ẹsẹ̀ ni íńtánẹ́ẹ̀tì Ìyùnadé náà á lọ. Nígbà náà ni yóò wá kan ilẹ̀kùn, tí yóò kúnlẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyáálé mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣí i." Fadérera á ṣí i, á sì máa sọ nínú ara rẹ̀ pé ọmọ yìí ní ẹ̀kọ́. Kò rò ó pé ẹni tó fẹ́ pọn omi kò lè ṣe kó má kí oníkànga.

Ó wá di ọjọ́ kan, ilé iṣẹ́ kan ní Ìbàdàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ wá Ìyùnadé lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Irú iṣẹ́ tó ti ń wá láti ìgbà tó ti wọlé ọkọ ni. Ó ti bẹ ìyáálé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ pé bó bá ń lọ sí ìpàdé ìjọ, kó jọ̀ọ́ má pa á dé. "Mo gbọ́," ni Fadérera wí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ìyùnadé ń sáré múra, kò rántí wá kí i. Fadérera retí rẹ̀ títí, inú sì bí i díẹ̀. Ó pa kọ̀ǹpútà dé, ó ti yàrá, ó ju kọ́kọ́rọ́ sápò, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣé ó gbàgbé ni, àbí ó mọ̀ọ́mọ̀? Òun gan-an kò mọ̀, èyí ló sì dùn ún jù nígbà tó yá.

Nígbà tó dé, ó bá Ìyùnadé lọ́ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ tó fi múra. Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ìyáálé mi."

"Iṣẹ́ ọ̀hún ńkọ́?"

"Ibi tí mo ti ń sọ orúkọ mi ló ti já, mà. Mo kan ilẹ̀kùn yín títí. Mo fi íńtánẹ́ẹ̀tì orí fóònù gbìyànjú, kò lágbára tó. Wọ́n ní àwọn ti mú ẹlòmíràn."

Kò bú u, kò sunkún. Ká ní ó bú u ni, ara ìbá tu Fadérera. Ó wo obìnrin náà lórí ìkúnlẹ̀, ó sì yé e pé òun kò mọ̀ bóyá ọ̀wọ̀ ni òun ti ń gbà láti ọjọ́ yìí wá, tàbí owó ibodè.

Ó tọ baba ọkọ rẹ̀ lọ. "Bàbá, ẹ jẹ́ kí wọ́n so wáyà yẹn mọ́ ti Ìyùnadé. Kí n máa gba tèmi lọ́wọ́ rẹ̀."

"Ìwọ ìyáálé? Kí ọmọdé wá ṣáájú àgbà?"

"Bàbá, nígbà tí ìlú ṣì ní odi, ṣé ẹni tó dàgbà jù ni wọ́n ń gbé sẹ́nu bodè?"

Bàbá fi ọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Rárá o. Àgbà a máa tòògbé."

"Tótó, ó ṣe bí òwe o. A kì í fi ọjọ́ orí yan oníbodè. Ẹni tí kì í sùn là ń fi síbẹ̀. Èmi sùn, Bàbá. Mo sùn, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọmọ ọlọ́mọ." Omi bọ́ lójú rẹ̀.

Wọ́n gbé wáyà náà. Wíńdòsì wá ń gba tirẹ̀ lára Línọ́ọ̀sì, kò sì sí ìjà láàárín wọn. Fadérera lè pa tirẹ̀ dé nígbà tó bá wù ú, kò dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ dákẹ́. Kò sẹ́ni tó ń kan ilẹ̀kùn mọ́, ó sì gbà fún Ọlọ́run pé ohun tó tọ́ sí òun nìyẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ilẹ̀kùn dún. Ìyùnadé ni, lórí ìkúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, ìyáálé mi."

Fadérera yíjú wo kọ̀ǹpútà rẹ̀. "Kí ló tún bàjẹ́?"

"Kò sóhun tó bàjẹ́, mà. Mo ní kí n wá kí yín ni."

Ẹnikẹ́ni kò gba ipò àgbà lọ́wọ́ àgbà. Ìkúnlẹ̀ ṣì jẹ́ tirẹ̀, ó tilẹ̀ wá dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí gbogbo ilé ń gbà, ará Onígbìndé ti kọ́gbọ́n lórí rẹ̀: a kì í fi ọjọ́ orí yan oníbodè, ẹni tí kì í sùn là ń fi síbẹ̀.