Fóònù Ẹyẹlé àti Ọṣẹ Ìyá Morádékẹ́

Bíríkìlà ni Akíntádé ní ìlú Ilé-Olújì. Ìyàwó rẹ̀, Olúfúnmbi, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìyá Morádékẹ́, a máa se ọṣẹ dúdú tà. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí. Nígbà tí Olúfúnmbi kú, ó fi ìkòkò ọṣẹ, àwọn oníbàárà rẹ̀ àti fóònù kan sílẹ̀ fún wọn.

Fóònù Ẹyẹlé ni. Àwòrán ẹyẹlé wà lẹ́yìn rẹ̀, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń pè é bẹ́ẹ̀. Nígbà kan, ilé tí kò sí Ẹyẹlé kò wọ́pọ̀ ní àdúgbò wọn. Bátìrì rẹ̀ a máa lo ọjọ́ mẹ́ta. Bó bá já bọ́ lórí kọnkéré, ẹni tó ni ín á gbọn eruku ara rẹ̀ dànù, á sì máa bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ fóònù tuntun gba ìgboro, ilé iṣẹ́ tó ṣe Ẹyẹlé sì kéde pé àwọn ti ṣíwọ́ lórí rẹ̀. Àwọn áàpù inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí wọ́n fi ń gbọ́ ìròyìn ló kọ́kọ́ lọ. Èyí tí wọ́n fi ń fi àwòrán ránṣẹ́ tẹ̀lé e. Ẹni tó bá lọ wá òmíràn níbi tí wọ́n ti ń gbà wọ́n yóò bá àtẹ òfìfo.

Ọ̀kan wà tí Akíntádé kò fẹ́ kó kú. Ìwé Ọwọ́ ni orúkọ rẹ̀. Inú rẹ̀ ni Olúfúnmbi ń kọ gbogbo ọ̀nà tó ń gbà se ọṣẹ sí fún ọdún mẹ́sàn-án: irú èèpo kòkó tó sun, bí omi eérú ṣe rí, ìwọ̀n àdín tó dà sí i. Kò kọ ọ́ síbòmíràn. Kò sì kọ́ Morádékẹ́, nítorí iṣẹ́ irun ni ọmọ náà yàn.

Lẹ́yìn ikú ìyá rẹ̀, Morádékẹ́ fi iṣẹ́ irun sílẹ̀, ó gba ìkòkò. Ìgbà mẹ́ta ló se ọṣẹ, ìgbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò dì.

"Morádékẹ́, ṣé a ó fi èyí wẹ̀ ni tàbí a ó fi jẹ iyán?" Ìyá Adéríyìkẹ́ ló bi í bẹ́ẹ̀, ẹni tó ti ń ra ọṣẹ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. "Bí ìkẹrin bá tún ṣàn báyìí, Oǹdó ni mo máa lọ rà á o. Gbogbo wa la sì jọ ń lọ."

Ìgbà náà ni Morádékẹ́ rántí fóònù ìyá rẹ̀, ó sáré wọlé lọ gbé e, kó lè ka ohun tí ìyá rẹ̀ kọ. Ìwé Ọwọ́ kò ṣí. Kò ṣí fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà. Ilé iṣẹ́ Ẹyẹlé ti ń palẹ̀ mọ́. Wọ́n ní bó bá di òpin oṣù, ibi tí wọ́n ń kó ìwé àwọn ènìyàn pamọ́ sí yóò di títì pátápátá.

Ọmọbìnrin kan tó ń gbé ní Òṣogbo ló ṣe Ìwé Ọwọ́. Rófíátù ni orúkọ rẹ̀. Òun nìkan ló ṣe é, òun nìkan ló sì ń tún un ṣe. Lọ́jọ́ náà, èébú kún ojú ewé rẹ̀ lórí ayélujára. Ẹnìkan pè é ní ọ̀lẹ. Òmíràn kọ ọ́ pé, "Ẹ dá ìwé mi padà, ẹ̀yin gbájúẹ̀!" Rófíátù jókòó ti iṣẹ́ náà fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó gbé àtúnṣe jáde, áàpù sì ṣí. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n kọ láàárín ọdún kan sẹ́yìn nìkan ló hàn. Àwọn ojú ewé àtijọ́ inú rẹ̀ ṣófo. Ó ní ibi tí agbára òun mọ nìyẹn.

Àwọn ènìyàn gba àtúnṣe náà, wọ́n dákẹ́. Àwọn tí kò dákẹ́ ń bú u nítorí ewé tó ṣófo.

Akíntádé ṣí tiwọn. Kò sí ọ̀rọ̀ ọṣẹ níbẹ̀, nítorí inú àwọn ewé àtijọ́ ni ìyàwó rẹ̀ kọ ọ́ sí. Ohun tó rí ni ìlà kan tí ìyàwó rẹ̀ kọ ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀: "Bàbá Morádékẹ́ kò jẹun dáadáa lọ́sẹ̀ yìí. Kí n wá ẹja tútù fún un." Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó gbé fóònù sílẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, kó tó lọ síbi iṣẹ́, ó jókòó sórí àga ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ìka kan tẹ fóònù.

"Bàbá, kí lẹ ń kọ?" Morádékẹ́ bi í.

"Mò ń kí ọ̀gá tó tún un ṣe."

"Ó dáa. Ẹ bá wa béèrè ewé tó kù."

"Mi ò ní béèrè."

"Ẹn? Bàbá, oṣù ń parí lọ! Ọṣẹ ń ṣàn!"

"Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ dúpẹ́ àná kì í gbé igbá ìtọrọ dání. Bó bá gbé e dání, ìtọrọ ló lọ ṣe."

"Ẹ̀rọ lẹ ń kí o, Bàbá mi."

"Ẹ̀rọ kì í tún ara rẹ̀ ṣe."

Ohun tó kọ nìyí: "Ọ̀gá, ẹ kú àná. Èmi ni Akíntádé, bíríkìlà, ní Ilé-Olújì. Ìwé Ọwọ́ ti ṣí. Mo rí ohun tí ìyàwó mi kọ kó tó kú. A dúpẹ́ oore àná. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ọwọ́ yín rọ."

Láàárọ̀ ọjọ́ náà gan-an, Rófíátù ti kọ ìkéde kan sílẹ̀ pé òun ti yọwọ́ nínú Ìwé Ọwọ́. Ó kù kó fi síta. Ó rí ọ̀rọ̀ Akíntádé, ó kà á dé ìsàlẹ̀, ó ń wá ibi tí ẹ̀sùn wà. Kò rí i. Ó tún un kà. Ó pa ìkéde náà rẹ́.

Akíntádé wà lókè àkàbà nígbà tí èsì dé. "Bàbá, ẹ má pè mí ní ọ̀gá. Rófíátù ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ẹ̀yin nìkan lẹ kí mi. Ṣé ẹ ò fẹ́ ewé tó kù ni?"

Ó sọ̀ kalẹ̀ kó tó fèsì. "Ọmọ mi, mo fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni mo tìtorí rẹ̀ wá lónìí."

"Ẹ wá béèrè rẹ̀ lọ́la nígbà náà. Mò ń retí yín o."

Ní ọjọ́ kejì, Akíntádé béèrè. Ó sọ ti ọṣẹ tí kò dì, ti àwọn oníbàárà tó fẹ́ lọ àti ti ọmọ rẹ̀ tó fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí ìkòkò ìyá rẹ̀. Rófíátù kò ṣèlérí. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ló fi bá iṣẹ́ náà jà. Nígbà tí oṣù ku ọjọ́ mẹ́ta, àwọn ewé àtijọ́ jáde, tìyá Morádékẹ́ àti ti gbogbo ènìyàn. Ó tún la ọ̀nà tí wọ́n lè gbà kó wọn kúrò lórí Ẹyẹlé, kí wọ́n sì tẹ̀ wọ́n sórí bébà.

Morádékẹ́ ń ka bébà náà lẹ́bàá ààrò, ó sì figbe ta. "Ẹyin! Bàbá, ẹyin adìẹ ni!"

Ìyá rẹ̀ ti kọ ọ́ pé: "Bí ẹyin bá ṣì ń rì nínú omi eérú, omi náà kò tíì kan. Kó tún hó sí i, kí àdín tó wọ̀ ọ́."

Ó gbé omi eérú kaná. Bó bá ti hó díẹ̀, á bu díẹ̀, á jẹ́ kó tutù, á gbé ẹyin sí i. Ẹyin rì. Ó tún rì. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, ó léfòó. Ọṣẹ ìkẹrin dì. Ìyá Adéríyìkẹ́ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó sì gbóòórùn rẹ̀.

"Hẹn-ẹn," ló wá sọ. "Ọṣẹ ìyá rẹ nìyí." Ó gba bọ́ọ̀lù mẹ́fà.

Ìròyìn náà kan àwọn tó kù tó ń lo Ẹyẹlé. Àwọn tó ti bú Rófíátù wá kọ̀wé kí i, ojú ń tì wọ́n. Títí di òní, kò tíì yọwọ́. Ohun tí gbogbo ayé ń fi kọ́ ọmọdé, àwọn àgbà àdúgbò Akíntádé ti wá ń fi kìlọ̀ fún ara wọn, wọ́n ń pa á lówe pé: bí àgbà bá dúpẹ́ oore àná, òun náà á rí òmíràn gbà.