Òpó Ìyá tí Omídùnsín Gé

Ọdọọdún ni àwọn ẹlẹ́ṣin Ẹrinjà máa ń wá. Bí òjò àrọ̀kúrò bá ti dá, tí koríko ọ̀dàn sì gbẹ, àwọn ará Ìdó-Arère kì í ka ọjọ́ mọ́, eruku ni wọ́n máa ń wò. Láti orí òkè tí ìlú náà wà, wọn á rí i tí eruku ẹsẹ̀ ẹṣin bá yọ lókèèrè bí èéfín iná ọdẹ. Kí ó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ogun ti gba àfonífojì wọ oko, wọ́n ti sun aká, wọ́n ti kó ọmọ ọlọ́mọ lọ. Nítorí ogun ni àwọn baba ńlá ṣe tẹ̀dó sórí àpáta, ogun náà ló sì wá sọ àpáta di ẹ̀wọ̀n fún wọn. Àwọn tó ń fi orin yin Ìdó-Arère lónìí pé òkè rẹ̀ kò ṣubú rí, wọn kò bá ẹnikẹ́ni wá ọmọ rẹ̀ láyé ìgbà náà.

Ní ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀, abúlé apẹja kan tí ń jẹ́ Etídò, ìrìn ọjọ́ méjì sí orí òkè náà, ni Ẹrinjà kọ́kọ́ dáná sun. Àwọn tó yè gùn wá sí Ìdó-Arère pẹ̀lú àwọ̀n léjìká, bí ẹni pé ẹja wà lórí àpáta. Baálẹ̀ wọn, Omítádé, dọ̀bálẹ̀ níwájú Alárère, ọba ìlú náà, ó tọrọ ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn rẹ̀ yóò gbé. Alárère kò ní kí ó dìde.

“Omítádé, ilẹ̀ wà,” ni Kábíyèsí wí. “Ṣùgbọ́n àlejò tí kò ní àna nínú ìlú, ọjọ́ tí ogun bá dé ni yóò di ẹrù rẹ̀ lọ. Ẹ mú ọmọbìnrin wá, a ó fi wọ́n fún àwọn akọni wa. Mẹ́ta mẹ́ta lọ́dọọdún, títí ẹ̀jẹ̀ wa yóò fi di ọ̀kan. Orí ọmọ tìrẹ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.”

Ebi ti na Omítádé débi tí kò lè sọ pé rárá. Bí wọ́n ṣe mú ọmọ rẹ̀ nìyẹn: Omídùnsín, adúmáadán ọmọ apẹja, ọmọ ẹni tí kì í bọ̀ lódò lọ́wọ́ òfo. Ó ti ní àfẹ́sọ́nà tẹ́lẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Etídò tí ń jẹ́ Lápàdé. Lápàdé sunkún fún ọjọ́ méje, nígbà tí ó di oṣù kẹta, ó fẹ́ ẹlòmíràn. A kọ ọ́ síbí kí ẹnikẹ́ni má baà fi omijé ṣòfò lórí rẹ̀.

Ẹni tí wọ́n fi Omídùnsín fún ni Ọdẹ́jìnmí, olórí ọdẹ, akọni tí wọ́n ń kì pé a-gbẹ̀yìn-ogun-má-wẹ̀yìn, nítorí pé òun ní í kẹ́yìn nígbà tí àwọn ará ìlú bá ń sá wọlé. Ìyàwó àkọ́fẹ́ rẹ̀ ti kú lórí ìkúnlẹ̀. Nígbà tí wọ́n mú Omídùnsín dé ẹnu ọ̀nà ilé, tí àwọn obìnrin ilé gbé omi jáde láti wẹ ẹsẹ̀ ìyàwó, ó fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo ojú ọkọ rẹ̀, ó sì pe orúkọ rẹ̀ gan-an níwájú gbogbo àna, ohun tí ojú wọn kò rí rí.

“Ọdẹ́jìnmí, ṣé o bi mí?”

Ọdẹ́jìnmí ní, “Rárá, n kò bi ọ́.”

“Ǹjẹ́ má bi mí ní ohunkóhun láti òní lọ.”

Ọkùnrin náà kò gbá a létí, bẹ́ẹ̀ ni kò pariwo. Ó ká ẹní rẹ̀, ó lọ tẹ́ ẹ sí ìloro, ibẹ̀ ló sì ń sùn fún ọdún méjì gbáko. Àwọn kan máa ń yìn ín fún èyí, ṣùgbọ́n kí á má tíì kánjú. Ìgbà tí Alárère ń pín ọmọ ọlọ́mọ bí ẹran ìgbẹ́, Ọdẹ́jìnmí wà níbẹ̀, ó lẹ́nu, kò sì fọhùn. Ohun kan péré tí a lè fi gbè é ni pé òun fúnra rẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹlẹ́bi tó mọ ẹ̀bi rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Tirẹ̀ pẹ́ díẹ̀.

Nígbà tí kò ti lè bi í ní ohunkóhun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó. Ó rí i pé ní ìrọ̀lẹ́, Omídùnsín a máa jókòó sí etí àpáta, á kọjú sí ọ̀nà ibi tí odò wọn wà. Ní ọ̀gbẹlẹ̀ ọdún kejì, Ọdẹ́jìnmí sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìṣàn kan tí ń jẹ́ Ìwàrà, tí ó ń gba àárín òkè méjì kọjá lókè àfonífojì, omi tí kò mu ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ. Ó gé igi arère, ó gbẹ́ amọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sé odò náà. Àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ṣe ẹlẹ́yà pé èwo ni ti ọdẹ tó fi igbó sílẹ̀ lọ wẹ̀. Omi wó o lẹ́ẹ̀kíní, omi wó o lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ lókè orí rẹ̀.

“Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sé ló ń sé e yìí! Òpó ìyá rẹ dà?”

Ní Etídò, ọkùnrin ní ń ju àwọ̀n, obìnrin ní ń sé odò. Òpó kan wà tí wọ́n máa ń rì mọ́lẹ̀ láàárín, òun ni gbogbo igi yòókù yóò fẹ̀yìn tì. Bí wọ́n bá fẹ́ fa omi náà gbẹ láti kó ẹja, òpó kan ṣoṣo yìí ni wọ́n máa ń gé, omi á sì lọ tòun ti igi. Omídùnsín ṣán aṣọ rẹ̀ mọ́dìí, ó wọ inú ẹrẹ̀, ó sì ri òpó ìyá náà fúnra rẹ̀. Ọ̀gbẹlẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ náà, òun ń bú u pé kò mọ amọ̀ pò, ọkùnrin náà ń pò ó bó ti wí. Lọ́jọ́ kan tí Ọdẹ́jìnmí yọ̀ ṣubú, Omídùnsín ké pè é, kò sì mọ ìgbà tí orúkọ ìnagijẹ bọ́ lẹ́nu rẹ̀: “Ẹlẹ́rẹ̀, dìde, alẹ́ ń lẹ́!” Obìnrin tí kò fún ẹnikẹ́ni ní orúkọ nínú ilé náà rí! Ọdẹ́jìnmí jókòó sínú ẹrẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omijé fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ náà, Omídùnsín fi ọwọ́ ara rẹ̀ ká ẹní ọkọ rẹ̀ kúrò ní ìloro. Nígbà tí ó ṣe, ó bí ọmọbìnrin kan, wọ́n sọ ọ́ ní Ọdẹ́bùnmi.

Ìfẹ́ ni. Òǹkọ̀wé yìí kò ní fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́. Ṣùgbọ́n Omídùnsín kò fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀ lọ́jọ́ kankan. Lójú tirẹ̀, bí òun bá ti lè sọ ọ́ jáde, òun ti sọ fún Alárère pé ó káre nìyẹn.

Ọdún keje pé, àrọ̀kúrò dá, eruku yọ. Ti ọdún náà kì í ṣe ogun ìkólé lásán. Balógun Ẹrinjà kó gbogbo ẹṣin rẹ̀ wá, ó ní òun yóò gba orí òkè, òun yóò sì fi gbogbo ìlú ṣe ẹrú. Ní àfẹ̀mọ́jú, Ọdẹ́jìnmí dúró pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ létí omi tí wọ́n sé, omi náà ti kún dé ẹnu.

“Dùnsín, ẹṣin ò lè wẹ omi yìí já bí ó bá dé bá wọn nínú àfonífojì,” ó wí. “Ṣùgbọ́n wọn ò ní kó wọlé tán bí wọn ò bá rí ẹni lé. Èmi àti ogún ọdẹ ni wọn yóò lé. A ó gba ojú ọ̀nà tóóró ẹ̀gbẹ́ àpáta gùn sókè. Bí mo bá dé orí àpáta, n óò fun ìwo. Bí o bá gbọ́ ọ, gé òpó ìyá.”

“Ẹ tètè gùn ún o,” ni Omídùnsín wí.

“Háà, ‘ẹ’ ti wọ̀ ọ́? Ọ̀wọ̀ mi ti dé lónìí!”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Ọ̀rọ̀ tí Omídùnsín fẹ́ sọ wà lẹ́nu rẹ̀. Ó rò pé tí ọkọ òun bá dé, òun yóò sọ ọ́.

Gbogbo rẹ̀ lọ bí wọ́n ti ṣètò rẹ̀ títí dé ẹsẹ̀ àpáta. Ẹrinjà rí àwọn ọdẹ, wọ́n rọ́ tẹ̀ lé wọn, àfonífojì kún fún ẹṣin dẹ́nu. Ẹnì kan ṣoṣo ni ojú ọ̀nà náà gbà lẹ́ẹ̀kan. Ọdẹ́jìnmí, a-gbẹ̀yìn-ogun-má-wẹ̀yìn, ń ti àwọn ọdẹ rẹ̀ gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tí ó sì kan òun alára, ọfà wọ ọ́ ní itan. Ẹni tó gbẹ̀yìn gùn nínú wọn na ọwọ́ sí i. Ó ní, “Máa lọ. Bí mo bá kúrò lẹ́nu ọ̀nà yìí, wọ́n á tẹ̀ lé yín dé inú ìlú.” Ó fẹ̀yìn ti àpáta, ó fi ọwọ́ kan di idà mú, ó sì fi ọwọ́ kejì gbé ìwo sẹ́nu.

Omídùnsín gbọ́ ọ. Àwọn obìnrin Etídò mẹ́fà tó wà pẹ̀lú rẹ̀ náà gbọ́ ọ. Kò sí ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ni ìwo náà ti dún. Ó gbé àáké sókè, ó tún sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìyá àgbà kan láàárín wọn ní, “Omídùnsín, ọmọ rẹ wà lórí òkè.” Ìwo náà dún lẹ́ẹ̀kejì, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí ẹni tó ń bínú pé iṣẹ́ ń falẹ̀. Nígbà náà ni Omídùnsín gé òpó ìyá. Ó gé e lẹ́ẹ̀mẹ́rin kó tó ṣẹ́.

Ẹrinjà kò padà wá mọ́ láti ọjọ́ náà títí di òní. Ní ọjọ́ kẹta ni wọ́n rí òkú Ọdẹ́jìnmí láàárín òkú ẹṣin. Omídùnsín sunkún débi pé wọ́n ní láti dì í mú, gbogbo ìlú sì rí i. Láàfin, níbi tí wọ́n ti pè é láti bu ọlá fún un, Alárère rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọjú sí àwọn ìjòyè rẹ̀.

“Ṣé ẹ rí i? Ọdún méje sẹ́yìn, ọmọ yìí pe orúkọ ọkọ rẹ̀ lójú agbo. Ẹ wo omijé rẹ̀ lónìí. Ohun tí mo ń wí fún yín náà nìyí: ẹ fi obìnrin sílé ọkọ, bó pẹ́ bó yá, ìfẹ́ á dé. Omídùnsín, béèrè ohun tí o bá fẹ́.”

Ọmọbìnrin Etídò mẹ́ta wà ní àgbàlá lọ́jọ́ náà, wọ́n ti fi osùn pa wọ́n lára, wọ́n ń dúró de ẹni tí wọn yóò fi wọ́n fún. Omídùnsín wò wọ́n, ó rí i pé ẹkún òun ni Alárère fẹ́ fi dì wọ́n lókùn. Ó fi etí ìró rẹ̀ nu ojú títí ó fi gbẹ.

“Kábíyèsí, omijé ayọ̀ lẹ rí,” ó wí. “N kò fẹ́ ọkùnrin yẹn rí, ọjọ́ kan péré n kò fẹ́ ẹ. Ìwo rẹ̀ dún láti ìsàlẹ̀, mo mọ̀ pé ìsàlẹ̀ ló ti dún, mo sì gé òpó. Ẹ bi àwọn obìnrin tó wà lọ́dọ̀ mi bóyá n kò mọ̀. Ẹ̀yin lẹ fi mí sílé rẹ̀, ẹ kò bi mí. Bó bá wù yín, ẹ máa fi àwọn tẹ́ ẹ kò bi fún àwọn akọni yín lọ. Ṣùgbọ́n kí akọni kọ̀ọ̀kan mọ̀ pé obìnrin tó ń se oúnjẹ òun, àáké ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀.”

Alárère, tí kò sá fún ẹlẹ́ṣin rí, fi ọwọ́ bo ẹnu. Àwọn ìjòyè ń wo ara wọn, olúkúlùkù ń rántí ìyàwó ilé rẹ̀. Wọn kò lè fìyà jẹ ẹni tó gba ìlú là. Kí oòrùn ọjọ́ náà tó wọ̀, wọ́n ti ní kí àwọn ọmọ mẹ́ta náà lọ wẹ osùn ara wọn kúrò, wọ́n sì ti fi òfin lélẹ̀. Títí di òní, bí wọ́n bá wá tọrọ ọmọbìnrin ní Ìdó-Arère, bàbá kò ní í sí níbẹ̀, ìyá kò ní í sí níbẹ̀, alárinà kò ní í sí níbẹ̀. Àgbà obìnrin kan á mú un lọ sí etí Ìwàrà, á bi í lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí ó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀kan péré, ọ̀rọ̀ ti parí, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ bá a jà. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń ki ìyá wọn: Omídùnsín, a-fi-ọkọ-àìfẹ́-ra-ìlú. Oríkì náà dùn lẹ́nu. Irọ́ ni.

Ẹni tó bí ọmọ ọ̀ràn ní í pọ̀n ọ́n. Àwọn ará ilé Ọdẹ́jìnmí kò jẹ́ kí Omídùnsín ṣe opó, wọn kò jẹ́ kí ó dé ojú oórì. Wọ́n gba Ọdẹ́bùnmi lọ́wọ́ rẹ̀, àbúrò bàbá rẹ̀ ló tọ́ ọ. Lọ́jọ́ tí àwọn ọdẹ ń sunkún ẹgbẹ́ wọn nínú ọgbà ilé Ọdẹ́jìnmí, Omídùnsín gba ẹ̀yìn ọgbà náà kọjá, igi ìdáná lórí rẹ̀, kò sì dúró, nítorí pé àwọn ènìyàn ń wo ojú rẹ̀. Ogójì ọdún ló fi gbé bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́wọ́ lọ́jọ́ kan péré, wọn á tún kó àwọn ọmọbìnrin padà sí àgbàlá.

Ọdẹ́bùnmi ló ròyìn ìyókù fún àwọn ọmọ tirẹ̀, nígbà tí òun náà ti darúgbó, tí ọ̀rọ̀ náà kò sì jẹ́ kí ó sùn. Ó ní ìyá òun dùbúlẹ̀ àìsàn, òun sì ń lọ fún un lóúnjẹ, nítorí pé ìyá kì í ṣe ẹni tí à ń jù nù. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyá náà di ọwọ́ òun mú, ó ní, “Ọdẹ́bùnmi, mo fẹ́ràn bàbá rẹ. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.”

Ọdẹ́bùnmi rọra yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò.

“Ìyá mi, bẹ́ẹ̀ kọ́ lẹ wí láàfin.”

Ó bu ẹ̀kọ sí i lẹ́nu, ìyá náà sì gbé e mì.